Idà Tó Mọ Ibi Tó Yẹ Kó Dúró

Ọdún méjì ni mo fi ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Sabumnim (bí àwọn ará Kòríà ṣe ń pe olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìjà nìyẹn) á gbé idà onígi rẹ̀ sókè, èmi náà á gbé tèmi sókè. Tó bá gé sọ́tùn-ún, èmi náà á gé sọ́tùn-ún. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, títẹ̀lé ìlànà ni mo fi ń jẹun. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí a máa ń háyà ní Ìlú Ọba níbí, ló pe àwa mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní: “Lóṣù tó ń bọ̀, kálukú yín máa jó ijó idà tirẹ̀. Ẹ wá orin fúnra yín, ẹ tò ó fúnra yín. Mi ò ní fi nǹkan kan hàn yín.”

Ha! Mo dúró bí òpó iná. Èmi tí mò ń gé afẹ́fẹ́ fìà-fìà ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ọwọ́ mi wá wúwo. Ó dà bí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú èdè kan, àmọ́ tí kò lè fi wọ́n sọ gbólóhùn kan tó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá wa pàdé níbí mọ̀ pé ìwé ìtàn àti ewì la sábà máa ń yẹ̀ wò. Ẹ gbà mí láàyè kí n yẹ ijó wò lónìí, bí a ṣe ń yẹ ìwé wò: kí ló fẹ́ ṣe? Ṣé ó ṣe é? Kí ló fi pamọ́? Torí mo ti wá rí i pé ijó idà àwọn ará Kòríà fi nǹkan kan pamọ́, ohun tó sì fi pamọ́ yẹn kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Orúkọ méjì ni wọ́n ń pè é. Geommu ni ti inú ìwé: geom ni idà, mu ni ijó. Kalchum ni ti ẹnu: kal ni ọ̀bẹ tàbí idà, chum ni ijó. Haidong Gumdo ni ẹ̀ka tí èmi ń kọ́. Gúúsù Kòríà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún 1980, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn tó ń sọ nípa ara rẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, a máa ń kọ́ ọ̀wọ́ ìgésẹ̀ tí wọ́n ti tò sílẹ̀ kí á tó dé, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. A máa ń gé oparun àti koríko tí wọ́n dì. A tún máa ń fi idà pa iná àbẹ́là: wàá sọ idà kalẹ̀ ní iwájú iná náà, atẹ́gùn rẹ̀ á pa á, irin kò sì gbọdọ̀ kan àbẹ́là. Ẹ fi ti àbẹ́là yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ijó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni, ohun tí a fi ń dá àwọn òbí lára yá níparí ọdún. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àṣé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti le jù. Nínú ọ̀wọ́ ìgésẹ̀, ẹni tó tò ó ti bá ọ ronú tán. Ṣùgbọ́n tó o bá ń tò ó fúnra rẹ, ìgésẹ̀ kan parí sísàlẹ̀ lápá òsì, èyí tó wù ọ́ tẹ̀ lé e sì ń bẹ̀rẹ̀ lókè lápá ọ̀tún. Ta ló máa gbé idà náà dé ibẹ̀? Ọ̀nà wo ló máa gbà? Ẹsẹ̀ wo lo gbé ara lé? Ìgbà wo lo máa mí? Orin ò sì ní dúró dè ọ́. Ìgbà náà lo máa mọ ohun tó o mọ̀ lóòótọ́ àti èyí tó o kàn ń sín jẹ. Mo gbà pẹ̀lú Sabumnim lórí èyí láìjanpata: ẹni tí kò bá tíì to ijó kan fúnra rẹ̀, ìgésẹ̀ ẹlòmíràn ló ṣì wà lára rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Ijó ni wọ́n ń kọ́ ẹ ni, àbí ìjà?”

Mo ní, “Mọ́mì, méjèèjì ni.”

Wọ́n ní, “Ó dáa. Ṣá máa ṣọ́ ọwọ́ ẹ. Ọwọ́ yẹn lo fi ń ṣiṣẹ́.”

Ìbéèrè màmá mi kì í ṣe tuntun. Ẹ̀yin ará wa ní Brazil ti gbọ́ ọ títí nípa capoeira, tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú àti àwọn ọmọ wọn dá sílẹ̀ níbẹ̀. Òfin ọdún 1890 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ní 2014, UNESCO kọ ọ́ sínú àkójọ ogún ìṣẹ̀ǹbáyé aráyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Cuba, tẹ́ ẹ ti rí ẹni tó ń jó fún Ògún tòun ti àdá lọ́wọ́, ẹ ò ní bi mí bóyá eré ni. Lórí ahọ́n wa pàápàá, ijó àti ìjà kò jìnnà síra. Ohun tó yẹ kí á bi ara wa ni pé: ní Kòríà, ta ló pa méjèèjì mọ́ pọ̀, tí wọn ò fi ya ara wọn?

Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni ìtàn Hwangchang. Láyé àtijọ́, nígbà tí ilẹ̀ Silla àti ilẹ̀ Baekje ń bá ara wọn ṣọ̀tá, ọmọdékùnrin kan wà ní Silla tó mọ ijó idà jó. Wọ́n tiẹ̀ ní ọmọ ọdún méje ni. Ó lọ sí Baekje, ó ń jó láàárín ọjà, èrò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́. Ọba Baekje gbọ́, ó ní kí wọ́n mú un wá jó fún òun. Ibi tí ijó ti ń dùn ni ọmọ náà ti gún ọba pa. Àwọn ará Baekje pa òun náà. Àwọn ará Silla káàánú rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ìbòjú tó jọ ojú rẹ̀, wọ́n sì ń fi jó.

Ìtàn tó dùn ni. Sabumnim náà sọ ọ́ fún wa, irun ara mi dìde. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: pé ẹ̀tàn ni ijó, ìjà ni òtítọ́, pé èèpo ni ijó, idà ni inú rẹ̀. Wọ́n á wá parí ìtàn síbi tí ọba ti ṣubú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ náà gún ọba. Ìbòjú àti ìdárò ni wọ́n ń jó láti ìgbà náà wá. Nínú ìtàn yìí gan-an, ijó ni ọ̀nà tí àwọn tó kù fi ń gbé òkú ọmọ wọn kiri. Ìdajì ìtàn yẹn ni ẹ̀kọ́ ìjà ń gbàgbé.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa bàbá ẹni. Ọwọ́ tèmi ti tẹ èkù idà, kódà bó ṣe onígi. Mo wá ń bèèrè.

Àwòrán kan ni mo kọ́kọ́ rí. Shin Yun-bok ló yà á, ayàwòrán tí wọ́n bí ní 1758. Ó wà lára ọgbọ̀n àwòrán rẹ̀ tó wà nínú ìwé kan ṣoṣo, tí ilé ọnà Kansong ní Seoul ń tọ́jú. Obìnrin méjì ló wà láàárín, ọ̀kan wọ yẹ̀rì pupa, èkejì wọ ti búlúù, idà méjì-méjì lọ́wọ́ wọn. Aṣọ wọn ń fẹ́ bí ẹni pé ìjì ń jà lórí ẹní yẹn nìkan. Àwọn onílù àti afunfèrè jókòó tò nísàlẹ̀. Àwọn ọlọ́lá jókòó, wọ́n ń wò. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú àwòrán náà, àwọn obìnrin méjì yẹn nìkan ni nǹkan wà lọ́wọ́ wọn tó lè pa ènìyàn, àwọn náà ló sì rẹlẹ̀ jù níbẹ̀.

Gisaeng ni wọ́n. Ní ayé ìjọba Joseon, ìjọba ló ni gisaeng, orúkọ wọn wà nínú ìwé rẹ̀ bí ẹrú. Wọ́n ń kọ́ wọn ní orin, ijó àti ewì láti kékeré, kí wọ́n lè máa dá àwọn ọlọ́lá lára yá. Àwọn ló gbé ijó idà láti ìran dé ìran. Àwọn ọkùnrin ológun mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ẹ wo èyí: ní 1790, Ọba Jeongjo ní kí wọ́n kọ ìwé ńlá kan nípa ẹ̀kọ́ ìjà, Muyedobotongji, tó ní oríṣi ẹ̀kọ́ mẹ́rìnlélógún nínú, ti idà méjì lọ́wọ́ ẹnì kan sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ṣe ìwé náà ni Pak Je-ga. Pak Je-ga yìí kan náà ló kọ àkọsílẹ̀ nípa ijó idà tó wò ní òkè Myohyang, tí àwọn obìnrin jó. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìwé ìjà yẹn, ní 1795, ọba kan náà ṣe àsè ńlá fún ìyá rẹ̀ ní Hwaseong, ijó idà sì wà lára ijó tí wọ́n jó níbẹ̀. Ẹni tó mọ idà jù láàfin kò rí ohun ìtìjú nínú kí ìwé ìjà àti ijó obìnrin jọ wà lábẹ́ òrùlé kan.

Mo dé ibì kan nínú ohun tí mò ń kà, mo sì gbé tíì mi kalẹ̀. Ní 1406, ìjọba Joseon bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan ní iṣẹ́ ìwòsàn, torí àwọn obìnrin ọlọ́lá ń kú dípò kí ọkùnrin oníṣègùn fọwọ́ kàn wọ́n. Uinyeo ni wọ́n ń pè wọ́n. Láàárín àwọn ẹrú ìjọba ni wọ́n ti ṣà wọ́n. Wọ́n ń wo iṣan ara, wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí ara, wọ́n ń gbẹ̀bí. Nígbà tó yá, tí ààfin bá fẹ́ ṣe àsè, àwọn oníwòsàn yìí náà ni wọ́n ń pè wá jó. Wọ́n wá sọ wọ́n ní yakbang gisaeng, ìyẹn gisaeng ti ilé oògùn.

Ẹ̀yin ará mi, nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Ọwọ́ tó ń gún abẹ́rẹ́ láàárọ̀ ló ń jó lálẹ́, kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n. Èmi tí mo ti ṣe ṣíífítì wákàtí méjìlá, tí aláìsàn kan sì ní kí n lọ pe ẹni tó mọ̀wé wá, mi ò nílò ẹni tó máa túmọ̀ ìyẹn fún mi.

Mo wá wá ijó wọn lọ. Jinju Geommu, ti ìlú Jinju ní gúúsù, ni mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, lórí fídíò. Ní 1967 ni ìjọba Gúúsù Kòríà kọ ọ́ sílẹ̀ bí ogún orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà 12. Obìnrin mẹ́jọ ló ń jó o, wọ́n tò ní ìlà méjì, wọ́n kọjú síra. Fìlà ológun wà lórí wọn, aṣọ ogun tí kò lápá wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì fi ọ̀já pupa dì í. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì ni pé idà ò yọjú. Ìṣẹ́jú ń lọ, wọn ò tíì mú un. Apá aṣọ gígùn aláràbarà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń jó, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n ń fi ọwọ́ òfìfo jó. Wọ́n kúnlẹ̀, ọwọ́ wọn ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀bẹ tó wà nílẹ̀, ó sì ń padà, bí ẹni tó ń ronú sí i. Ìgbà tí wọ́n wá mú un tán, tí ìlù yára, ó ti yé ẹ pé ohun tí wọ́n mú yìí kì í ṣe ohun ìṣeré. Ọwọ́ tó o ti ń wò láti òwúrọ̀ ijó ló mú un.

Ọgbọ́n tí mò ń sọ nìyẹn. Àwọn obìnrin yẹn ń jó ní ìwọ̀n apá kan sí ẹlòmíràn, irin ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí àti ọrùn, kò sì gbọdọ̀ sẹ́ni tó fara pa. Iṣẹ́ wọn ni kí idà dé ibi tó fẹ́ dé kó sì dúró. Àbẹ́là tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyẹn: iná kú, irin ò kan nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé kalchum òde òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti wo púpọ̀, ti àwọn ọmọdé àti ti àgbà. Ìpéye ẹsẹ̀ wọn dára, agbára wọn pọ̀, òmíràn tiẹ̀ gba omi lójú mi. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orin fíìmù ogun, ìgbe, fífò, yíyí, idà tó fúyẹ́ tó ń dán mọ̀nà-mọ̀nà. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti dákẹ́. Ohun kan náà ń ṣe taekwondo. Ìdíje àgbáyé ti poomsae, ìyẹn ọ̀wọ́ ìgbésẹ̀ ti taekwondo, bẹ̀rẹ̀ ní Seoul ní 2006; nígbà tó yá, wọ́n fi irú èyí tí eléré máa fúnra rẹ̀ tò sí orin kún un. Èrò tó dára ni. Wọ́n tilẹ̀ ń fún èèyàn ní máàkì fún ohun tuntun tó bá dá. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ní kó fò sókè kó ta ìpá, kó yí, kó sì tàkìtì. Tí wọ́n bá ti sọ fún ẹ pé ohun tuntun rẹ gbọ́dọ̀ ní ìtàkìtì nínú, gbogbo ohun tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra.

Ìdánwò tí mo ń lò báyìí rọrùn. Tí ẹnì kan bá ń jó kalchum ní òun nìkan, mo máa ń bi ara mi pé: ẹnì kejì dà? Ṣé mo lè rí ibi tí ọ̀tá rẹ̀ dúró sí, bó ṣe ga tó, ìgbà tó sún mọ́ ọn? Ní Jinju, ẹnì kejì wà níbẹ̀ ní ti gidi, ó ń wò ẹ́ lójú. Ẹni tó bá ń dá jó gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ dá a. Tí kò bá dá a, afẹ́fẹ́ ló ń gé, èèyàn kì í sì í bẹ̀rù nítorí afẹ́fẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ìtàn tí ẹ̀kọ́ ìjà ń sọ ń pa á lára. Tó bá jẹ́ Hwangchang nìkan ni bàbá ijó, gbogbo ijó á máa sáré lọ sí ibi tí a ti gún ọba. Àwọn obìnrin tó mọ bí a ṣe ń dá ọwọ́ dúró, tí ìyẹn sì le ju kí a gún èèyàn lọ, wọn ò sí nínú ìtàn, ọgbọ́n wọn náà ò sì sí nínú ijó. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Mo ti sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kàn mí. Lọ́dún tó kọjá, mò ń wá iṣan lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan kí n lè gbé omi sí wọn lára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gún wọn, mi ò rí i. Bàbá náà sunkún. Ọmọ wọn ní kí n gbé ọwọ́ mi kúrò lára bàbá òun. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà ni ọwọ́ mi ti kọ́ ìbẹ̀rù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé, “Jọ̀ọ́, bá mi ṣe ti bẹ́ẹ̀dì kẹfà, mo ń bọ̀ wá bá ẹ ṣe tìẹ.” Kò sẹ́ni tó fura. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé mò ń sá.

Nítorí náà, nígbà tí mo wá ń to ijó mi, orin tó yára ni mo kọ́kọ́ mú, kí ariwo lè bo ọwọ́ mi. Kò bọ́ sí i. Lẹ́yìn tí mo wo Jinju, mo ju orin yẹn nù, mo mú ìlù dùndún kan tí kò kánjú. Mo gbé idà sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ òfìfo jó fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sí i, mo fà á padà, mo tún nawọ́. Ìgbà tí mo mú un, mo fi bàbá arúgbó yẹn síwájú mi. Kì í ṣe bí ọ̀tá o. Bí ẹni tó sún mọ́ mi, tí n kò gbọdọ̀ ṣe léṣe. Idà náà sọ̀ kalẹ̀, ó dúró ní ìwọ̀n ìka kan sí ọrùn rẹ̀. Mo mí síbẹ̀.

Sabumnim ò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ó ní, “Ibi tó o ti dúró yẹn ni ijó rẹ wà. Ìyókù, o kàn ń rántí ni.” Ó bí mi nínú díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo bi í bóyá ó mọ̀ nípa àwọn uinyeo àti gisaeng. Ó ní wọn ò sọ ọ́ fún òun náà rí, àfi Hwangchang. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí èmi fúnra mi sọ ìtàn wọn fún kíláàsì.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìbẹ̀rù ti lọ. Ṣùgbọ́n mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi ṣe ti bẹ́ẹ̀dì kẹfà mọ́. Mo máa ń jókòó ti aláìsàn, máa kọ́kọ́ fi ọwọ́ òfìfo kan apá rẹ̀, máa fi ìka wá iṣan náà láì kánjú, kí n tó mú abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ má sọ pé eré lásán ni ìgbà tí wọ́n bá ní kó to ijó. Ẹ bi olùkọ́ rẹ̀ pé ta ló gbé ijó náà dé ibí. Tẹ́ ẹ bá sì ráyè lálẹ́ kan, ẹ wá Jinju Geommu, kẹ́ ẹ wò ó dópin. Ẹ má kánjú lọ síbi tí ọ̀bẹ ti jáde. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò.